Èdè Wo Ni Ọmọ Kétu Yóò Fi Rojọ́? Láti Ààfin Alákétu Dé Ilé Ẹjọ́ Òde Òní

 

Nínú ìwé ọdún bí irú èyí, a sábà máa ń kọ̀wé nípa ọba, nípa ogun, nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Àkàbà Ìdènà. Ohun tí mo fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kò ní ère, kò ní ìlù, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń bá wa gbé. Èdè wo ni ọmọ Kétu fi ń rojọ́ níwájú ẹni tó fẹ́ dá ẹjọ́ rẹ̀? Èdè wo ni ìjọba fi ń bá a sọ̀rọ̀? Lọ́dọ̀ wa, òfin ní Faransé ni. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Ìmẹ̀kọ lẹ́yìn ààlà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kan náà ni ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ṣé ó sì yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ?

Nígbà tí etí gbogbo ń gbọ́

Kí Òyìnbó tó dé, ẹjọ́ ní Kétu ní àtẹ̀gùn tirẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé, baálé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí apá baálé kò bá ká a, ó di ti àwọn àgbà àdúgbò, títí tí yóò fi dé ààfin, níwájú Alákétu àti àwọn ìjòyè. Ìdílé márùn-ún ló ń gba oyè ọba láàrin ara wọn: Aláàpínni, Magbo, Arò, Mẹ̀sà àti Mẹ̀fù. Nítorí náà kò sí ìdílé kan tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ọ̀rọ̀ ìlú.

N kò sọ pé gbogbo ìdájọ́ ayé ọjọ́un ló tọ́. Ẹrú wà, ìyà wà, ẹni tó lágbára sì ń lo agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú: ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, ará ìlú tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà sì gbọ́. Bí ẹlẹ́rìí bá purọ́, ojú ẹsẹ̀ ni wọn yóò já a. Bí ọba bá ṣi ẹjọ́ dá, ìlú yóò mọ̀. Alẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà ń bẹ, tí wọ́n ti ń fi orin bá ẹni tó hùwà àìtọ́ wí ní gbangba, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ alágbára. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà tó yẹ ní títọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó wò: ìbáwí ẹ̀fẹ̀ kò lè mú ẹnikẹ́ni bí ẹni tí wọ́n ń bá wí kò bá gbọ́ èdè orin náà. Bákan náà ni ìdájọ́ rí.

Àwọn bàbá wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Adájọ́ tí kò gbọ́ èdè ẹnì kan nínú àwọn méjì tó ń jà, ibi tó dúró sí kò jìnnà sí ibẹ̀ yẹn.

Ààlà tí wọ́n fà nígbà tí kò sẹ́ni nílé

Ní 1853, Samuel Àjàyí Crowther wá sí Kétu. Ìjọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló rán an, àmọ́ ọmọ Òṣogùn ni, Yorùbá ló sì fi bá ààfin sọ̀rọ̀. Ó ti tẹ ìwé lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde kó tó gba ọ̀nà ibí. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìwé wọ ìlú wa kò gbé e wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń bá èdè wa jà.

Lẹ́yìn náà ni ogun Dàhọ̀mì dé. Ní 1886, wọ́n fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Agbómẹ̀. Ìlú di ahoro. Nígbà tó ṣì wà bẹ́ẹ̀, ní 10 oṣù kẹjọ 1889, àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní Párís, wọ́n pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó bi Alákétu, kò tilẹ̀ sí Alákétu lórí ìtẹ́ tí wọn ìbá bi. Lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Agbómẹ̀ ní 1892 ni àwọn èèyàn wa tó rí ọ̀nà padà, tí wọ́n tún ìlú dó, tí Onyegen sì jọba ní 1894. Wọ́n dé ilé láti oko ẹrú, wọ́n bá èdè àjèjì tó ti jókòó de wọ́n ní ẹnu ọ̀nà.

Ògbufọ̀ di ọ̀gá

Ní 10 oṣù kọkànlá 1903, Faransé fi àṣẹ dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ ìbílẹ̀. Wọ́n ní àṣà ìbílẹ̀ ni wọn yóò fi dájọ́. Àmọ́ ẹjọ́ tó bá wúwo, ọ̀dọ̀ olóyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè ló ń lọ. Olóyìnbó náà kò gbọ́ Yorùbá, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e lọ síbòmíràn. Àlejò lójú, kò fi ríran. Òfin mìíràn tún wà, tí a mọ̀ sí *indigénat*, tó gba olóyìnbó yìí láyè láti ju èèyàn sẹ́wọ̀n ọjọ́ 15 láìsí ẹjọ́ rárá.

Láàrin ẹni tó ń rojọ́ àti ẹni tó ń dá a, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ èdè méjèèjì: ògbufọ̀. Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ògbufọ̀ tó ní làákàyè lè fi tọmọ jẹ́ ẹ, kó tu olóyìnbó tó ń bínú lójú, kó gba ìlú sílẹ̀. Èyí tí ojúkòkòrò bá mú lè gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, kó gba ti òsì, kó wá sọ èyí tó wù ú. Rere tàbí burúkú, kò sẹ́ni tó lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹni tó ní ẹjọ́ kò mọ ohun tí wọ́n sọ lórúkọ òun, adájọ́ kò mọ ohun tí ẹlẹ́jọ́ sọ ní tòótọ́. Lọ́dọ̀ Faransé, bí ọdún ti ń gorí ọdún, Alákétu alára di olórí kántọ́ọ̀nù lásán. Ẹni tó gbọ́ Faransé wá ń lágbára ju ẹni tó ní ìlú lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 bí àwọn èèyàn wa ṣe ń sá kọjá ààlà lọ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ọmọ sógun ní àkókò ogun 1914 sí 1918. Wọn kò rí ibi tí wọ́n ti lè sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́, ni wọ́n ṣe fi ẹsẹ̀ sọ ọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ wá fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Àṣẹ tó jáde lórí ẹ̀kọ́ ní 1924 sọ pé Faransé nìkan ni kí wọ́n máa lò, ó ka èdè ìlú léèwọ̀ fún olùkọ́ pẹ̀lú ọmọ ilé ìwé. Ibẹ̀ ni *signal* ti wọlé, ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn ọmọ tó bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka ìwé yìí mọ bó ṣe rí. Lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, Bíbélì Yorùbá sì ti pé láti 1884. Lọ́dọ̀ wa, àní ìtàn ìlú wa pàápàá, èdè àjèjì la fi ń kà á: Faransé ni Alùfáà Thomas Moulero, ọmọ Kétu, ọmọ Dàhọ̀mì àkọ́kọ́ tó di alùfáà Àgùdà, fi kọ tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Geoffrey Parrinder fi kọ tirẹ̀ ní 1956.

Ní 1931, ìjọba amúnisìn tẹ ìwé àṣà ìbílẹ̀ kan jáde ní Faransé, *Coutumier du Dahomey*. Ìwé yìí ni àwọn adájọ́ ń ṣí láti mọ ohun tí àṣà wa wí lórí ìgbéyàwó àti ogún. Òmìnira dé, wọn kò pa á tì. Ọdún 1996 ni Ilé Ẹjọ́ Òfin Àgbà ní Kútọnù tó sọ pé kò ní agbára òfin. Odidi ọdún 65 ni wọ́n fi ń ka àṣà wa fún wa láti inú ìwé tí bàbá wa kò lè kà.

Òmìnira dé, èdè kò yí

Láti 1 oṣù kẹjọ 1960 ni orílẹ̀-èdè wa ti gba òmìnira. Lẹ́yìn ìyípadà 1972, ìjọba sọ pé kí èdè ìbílẹ̀ gòkè. Ní 1975, wọ́n fi àṣẹ gbé álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè kalẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àgbàlagbà sì gbilẹ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ 11 oṣù kejìlá 1990 sọ ohun mẹ́ta tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Abala 1 ní Faransé ni èdè ìjọba. Abala 11 ní gbogbo ẹ̀yà ló ní òmìnira láti máa sọ èdè wọn àti láti máa kọ ọ́, kí wọ́n sì mú àṣà wọn dàgbà láìtẹ ti ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Abala 40 ní kí ìjọba fi èdè orílẹ̀-èdè kọ́ àwọn èèyàn ní ẹ̀tọ́ wọn, pàápàá lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Òfin wa kò dí Yorùbá lẹ́nu. Ohun tó kù ni iṣẹ́.

Ohun tó ń sọnù lójú ọ̀nà

Olùkọ́ ni mí. Lọ́pọ̀ ìrọ̀lẹ́, àgbàlagbà máa ń mú ìwé tí wọ́n pa mọ́ sínú ọ̀rá wá bá mi: ìwé ìpè, ìwé ilẹ̀, ìwé ìbí. Wọ́n ti tẹ ìka sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n wá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n tẹ ìka sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kékeré méjì péré. Àkọ́kọ́ ni "fún". Bàbá kan sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé, "Mo fún un ní ilẹ̀ náà kó máa dáko." Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé kò ta á, kò sì fi tọrẹ. Ó yá a lò ni, ìṣákọ́lẹ̀ ló yẹ kó máa gbà. Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ ní Faransé pé ó "fi fún un" láìṣàlàyé, ìwé ti di ìwé ẹ̀bùn. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ 2013 ti dé, ìwé ló ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ ju ẹnu lọ. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n túmọ̀ lódì lónìí lè gba oko lọ́wọ́ ọmọ ọmọ lọ́la.

Èkejì ni "bàbá". "Bàbá mi ló fún mi" lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá. "Ọmọ mi" lè jẹ́ ọmọ àbúrò tí mo tọ́. Lẹ́nu Faransé, ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ìtumọ̀ kan tó le koko. Ẹni tó sọ òtítọ́ lé e ní Yorùbá lè wá dà bí òpùrọ́ nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé ìbí síwájú adájọ́ ní Pọ́bẹ̀.

Orúkọ ńkọ́? Ọmọ bàbá kan náà ni Adéṣínà tó wà ní Kétu àti èyí tó wà ní Ìmẹ̀kọ. Ìwé tibí kọ ọ́ ní "Adéchina", ìwé tọ̀hún kọ ọ́ ní "Adeshina". Ògúnjọbí tibí di "Ogoudjobi". Lọ́jọ́ tí ogún bá délẹ̀, wọ́n di àjèjì sí ara wọn lórí ìwé.

Òfin gbà pé kí ilé ẹjọ́ wá ògbufọ̀ fún ẹlẹ́jọ́ tí kò gbọ́ Faransé. Àdéhùn àgbáyé 1966 tí orílẹ̀-èdè wa náà tọwọ́ bọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ní abala 14. Àmọ́ ta ni ògbufọ̀ náà? Níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ yẹn? Bí ẹni tó kàn dúró nítòsí bá ni wọ́n pè, a ti padà sí ìgbà 1903 nìyẹn.

Bí àwọn mìíràn ṣe ṣe é

Àwọn Faransé tó fi èdè wọn lé wa lọ́wọ́ ti jẹ irú ìyà yìí rí. Látìnì ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ilé ẹjọ́ wọn láyé àtijọ́. Ní 1539, ní Villers-Cotterêts, ọba wọn François Kìíní pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi Faransé kọ ìwé ẹjọ́, kí ìtumọ̀ rẹ̀ má bàa rú àwọn èèyàn lójú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, Faransé ni wọ́n fi ń rojọ́ nílé ẹjọ́ ọba wọn nígbà kan! Ní 1362, wọ́n ṣòfin pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi rojọ́, nítorí àwọn èèyàn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún wọn tàbí sí wọn. Látìnì ni wọ́n ṣì fi ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: èdè tí a fi ń rojọ́ àti èdè tí a fi ń kọ ìwé rẹ̀ kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀kan náà.

Nítòsí wa, Òfin Nàìjíríà 1999 sọ ní abala 55 pé Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà yóò máa lò, àti Haúsá, Ígbò àti Yorùbá nígbà tí ètò bá ti wà fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣì fi ń jókòó ní Àbújá. Òfin tó ní "nígbà tí ètò bá wà", tí kò sì sọ ẹni tí yóò ṣètò, ọ̀rọ̀ ló dúró lé. Ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ti ya ọjọ́ sọ́tọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń fi Yorùbá jókòó. Tanzania lọ jìnnà jù: ní 2021, wọ́n yí òfin padà, Kiswahili di èdè òfin àti ti ilé ẹjọ́ níbẹ̀.

Ohun tí àwọn kan ń sọ

Àwọn kan ní Faransé ló so orílẹ̀-èdè wa pọ̀, nítorí èdè wa ju 50 lọ. Òótọ́ ni. Adájọ́ tí wọ́n gbé wá sí Pọ́bẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Natitingou, bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ tó bá lọ sókè nílò èdè tí gbogbo adájọ́ lè kà. Nítorí náà n kò ní kí a lé Faransé jáde. Òun ni mo fi ń jẹun, n kò sì ní gba òbí kankan níyànjú pé kí ọmọ rẹ̀ má kọ́ ọ. Kí Faransé máa jẹ́ èdè àkọsílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó ni ẹjọ́ nìkan ni kò ní gbọ́ ọ.

Àwọn mìíràn ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ òfin. Ẹ̀bi, àre, ìbúra, ẹlẹ́rìí, onídùúró, ogún, ìṣákọ́lẹ̀: ṣé Faransé ló kọ́ wa ní wọ̀nyí?

Àwọn kẹta ní kì í ṣe Yorùbá nìkan ló wà ní Kétu. Èyí ló wúwo jù lójú mi. Fọn àti Mahi ń bẹ láàrin wa, Fúlàní ń bẹ. Bí a bá gba ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ Faransé tí a sì fi Yorùbá há Fúlàní darandaran mọ́ igun, ohun tí wọ́n ṣe sí wa la ṣe sí ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ti gbogbo ẹni tó bá dúró síwájú aláṣẹ ni, kí wọ́n gbọ́ ọ ní èdè tí ó gbọ́.

Ohun tí a lè bẹ̀rẹ̀ láìyí òfin padà

Ẹ̀yin aláṣẹ kọ́múnù wa, ohun mẹ́rin ni mo fi tọrọ lọ́wọ́ yín, kò sì sí èyí tó ń dúró de Kútọnù.

Èkínní, kí ẹnikẹ́ni má tẹ ìka sí ìwé láìjẹ́ pé wọ́n ti kà á fún un ní èdè tó gbọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà ẹni tó kà á àti èdè tó fi kà á.

Èkejì, kí a ní ògbufọ̀ tí a kọ́ níṣẹ́, tó ti búra, tí a sì ń sanwó fún. Àwọn tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí wọ́n sì gbọ́ Faransé wà nílé, iṣẹ́ ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀kẹta, kí ìpinnu ìgbìmọ̀ kọ́múnù jáde ní kúkúrú ní Yorùbá, ní Fọn àti ní èdè Fúlàní, ká gbọ́ ọ lórí rédíò, ká rí i kà lọ́jà.

Ẹ̀kẹrin, kí òbí tó fẹ́ kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ mú un wá ní kíkọ bó ṣe yẹ, kí akọ̀wé sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, iṣẹ́ kan kù tó jẹ́ tiwa. Ẹni tí kò lè ka Yorùbá kò lè bá wọn yẹ Yorùbá wò bí wọ́n bá kọ ọ́. Ẹnu ẹni la fi í kọ mè-jẹ, ṣùgbọ́n lóde òní, ojú ẹni la fi ń ka ohun tí wọ́n ní a jẹ. Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Àwọn baba ńlá wa mọ odi, wọ́n gbé Àkàbà Ìdènà síbẹ̀ kí ọ̀tá má bàa wọlé. Wọn kò mọ ọ́n kí onílé má bàa ráyè wọ ilé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ àti ilé ìjọba tó wà fún wa, ẹ jẹ́ ká ṣí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún ẹni tó ni í.

Ọdún á yabo. Kétu kò ní tú. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.